Ìyá Mogbọ́ Tí Wọ́n Fi Ṣe Olùgbọ́ Ẹyẹ

Bí ẹ bá dé abúlé wa, tí ẹ sì kan ilẹ̀kùn, ẹ máa dúró títí. Kì í ṣe pé àwọn ará ilé kórìíra àlejò. Wọ́n wà nínú ilé, ara wọn le, wọn ò kàn gbọ́ ni. Ẹni tó mọ abúlé náà kì í kan ilẹ̀kùn. Yóò lọ dúró síwájú fèrèsé, yóò máa ju aṣọ ìnura sókè sódò bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, títí ojú ará ilé á fi bọ́ sára rẹ̀. Ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn, àlejò ni, tàbí kó jẹ́ pé ìbò ló wá tọrọ.

Iléeṣẹ́ ìhunṣọ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Aṣọ ìnura ni wọ́n ń hun níbẹ̀, funfun, pẹ̀lú ìlà búlúù kan létí, fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni lábúlé náà ò sùn rí. Bí gbogbo ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni eyín á máa mì lẹ́nu èèyàn. Ohùn ò wúlò níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ wá ń fi ètè àti ọwọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n á la ẹnu gbàgà, wọ́n á fi ètè mọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìmú ohùn jáde, wọ́n á sì fi ọwọ́ parí èyí tí ètè ò lè sọ. Obìnrin tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà lè bú èyí tó wà ní ìparí gbọ̀ngàn, kí tọ̀hún dá a padà fún un pẹ̀lú èlé, kí wọ́n jà á, kí wọ́n sì parí rẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀gá tó ń rìn láàárín wọn mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ kógbá sílé, wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ náà, wọ́n sì kó wọn lọ tà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ariwo bá wọn lọ, ṣùgbọ́n etí tí ó ti bàjẹ́ ò bá wọn lọ. Wọ́n fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní dìpọ̀ aṣọ ìnura láti fi dágbére. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí omi ẹ̀rọ abúlé wa ò tilẹ̀ ṣeé fọkàn tán, kò sẹ́ni tó ń rìn kiri pẹ̀lú ara tútù. Aṣọ ìnura ni wọ́n fi ń ṣe kọ́tìnì, òun ni wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, òun náà ni oníkálukú ń kọ́ sójú fèrèsé láàárọ̀ kí àwọn aládùúgbò lè mọ̀ pé òun ti jí, òun ò kú.

Nínú gbogbo àwọn ahunṣọ wọ̀nyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni kò dití. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin gíga kan ni, ó gbẹ bí igi kọ́tìnì, ó sì ń lo awò ojú tó fi okùn òwú so mọ́ ọrùn. Láti ìgbà ọ̀dọ́bìnrin ló ti wà nídìí ẹ̀rọ, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi pa iná iléeṣẹ́ lójú rẹ̀. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ látiwájú, á wo ẹnu yín dáadáa, á ní, "Mo gbọ́." Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kò ní yíjú padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án léjìká, á ní, "Mo gbọ́, mò ń ronú ni." Bàbá Makaníìkì, tó ń tún àwọn ẹ̀rọ ṣe láyé ọjọ́un, tí ilé rẹ̀ sì kọjú sí ti obìnrin náà, ló sọ ọ́ ní Ìyá Mogbọ́. Gbogbo abúlé gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí orúkọ kan bá ti bá èèyàn mu tó báyẹn, èwo ni ká tún máa wá òmíràn?

Kì í ṣe ìgbéraga nìkan ló ń mú un purọ́. Ó ní ọmọbìnrin kan, nọ́ọ̀sì nílùú ńlá. Nọ́ọ̀sì yìí fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gidigidi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń fẹ́ràn èèyàn: ó ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè é. Yàrá kan wà nínú ilé rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó mọ́, ó tutù, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri ilé kejì. Ìyá Mogbọ́ ti lọ wò ó rí. Ó jókòó sétí fèrèsé, ó wo ògiri, ògiri náà ò sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dorí kodò sídìí fóònù, kò rí ẹnu wọn. Ọmọ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìdí ìfọbọ́, níbi tó ti ń fọ abọ́, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ìyá ń sọ pé "mo gbọ́, mo gbọ́" títí, kó tó di pé ó padà sílé ó ti gbà láti máa wẹ ajá, láti má jẹ iyọ̀ mọ́, àti láti wá máa gbé níbẹ̀ títí ayé.

Ó sẹ́ gbogbo rẹ̀ bó ṣe délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì wá wò ó lábúlé, ó bá ìkòkò kan tó ti jó dúdú lórí iná, omi inú rẹ̀ ti gbẹ, ìyá rẹ̀ sì jókòó ní yàrá kejì tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Nígbà tó tún padà wá, àwọn aládùúgbò sọ fún un pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, ó ń fọn fèrè gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ rẹ̀ ṣe sọ, ìyá rẹ̀ ò sì yà, àfìgbà tí Bàbá Makaníìkì fà á láṣọ kúrò lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì jókòó síwájú ìyá rẹ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀. Bó bá fi lè hàn gbangba pé etí rẹ̀ ti lọ, ẹrù rẹ̀ ni wọ́n á dì, kò ní sí àríyànjiyàn. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń gbọ́ lóòótọ́, òun ò ní dárúkọ yàrá yẹn mọ́ láéláé.

"Mo gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. Nígbà yẹn, òótọ́ ló sọ, torí ó ń wo ẹnu rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí tí oníṣẹ́-ọnà fi dé. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì àárọ̀ ló gbé e wá, èyí tó máa ń padà sílùú lọ́sàn-án gangan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ṣòkòtò rẹ̀ ní àpò ju ohun tí èèyàn lè kó sí i lọ, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tó wá kíni kú ọ̀fọ̀. Ó kó àwọn ahunṣọ jọ síwájú iléeṣẹ́, ó ní òun fẹ́ fi ilé náà, àwọn fúnra wọn, àti àwọn ẹyẹ ṣe iṣẹ́ ọnà. Lóòótọ́ ni ẹyẹ wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó ẹ̀rọ lọ ni àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ti fi amọ̀ mọ ìtẹ́ wọn mọ́ irin àjà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ògiri ẹ̀yìn, wọn ò sì san háyà fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n bi í pé ọ̀dà rẹ̀ dà. Kò ní ọ̀dà. Wọ́n ní òòlù ńkọ́. Kò ní òòlù. Ó ṣàlàyé pé òun ò ní yàwòrán, òun ò sì ní gbẹ́ nǹkan kan, ilé náà gan-an niṣẹ́ ọnà náà, kí wọ́n sáà jẹ́ kó wà bó ṣe wà, kí àwọn èèyàn jókòó sínú rẹ̀. Bàbá Makaníìkì ní kó kọjú sí òun kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ó yé wa," ni bàbá náà wí. "Iṣẹ́ tá a ti ń ṣe láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ti kú náà nìyẹn. Kò kàn sẹ́ni tó pè wá ní oníṣẹ́-ọnà ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, èyí sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ èyí tó kù. Ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti dúró rí ni yóò gbé àga sí, kí ahunṣọ tó ni ẹ̀rọ náà jókòó síbẹ̀, kí àlejò kan sì jókòó tì í. Lókè orí wọn ni yóò so àrọ tí wọ́n fi páànù ṣe kọ́, èyí tí yóò máa gba ohùn àwọn ẹyẹ látòkè, tí yóò sì máa dà á sílẹ̀ sórí àga. Ní ibi tí ariwo ti wà, àwọn èèyàn yóò wá gbọ́ orin. Ó sọ ọ́ dáadáa. Àwọn ahunṣọ wo ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sẹ́ni tó sọ fún un. Òun náà ò sì lè mọ̀. Gbogbo wọn dúró síwájú rẹ̀, gbogbo ojú wà lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ibòmíràn, gbogbo ìdáhùn ló sì bá ìbéèrè mu. Ó sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà pé gbogbo ibi tóun ti ṣiṣẹ́ dé, òun ò tíì rí àwọn èèyàn tó ń fetí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ohun kan. Ó nílò ẹnì kan tí yóò máa jókòó sínú gbọ̀ngàn nígbà tí òun ò bá sí níbẹ̀, tí yóò máa gbọ́ àwọn ẹyẹ, tí yóò sì sọ ìgbà tí orin wọn máa ń dùn jù lọ fún òun, kí òun lè mọ wákàtí tó yẹ láti ṣí iṣẹ́ náà. Olùgbọ́ ló pe ipò náà. Kó tó pa ẹnu dé, Ìyá Mogbọ́ ti nawọ́. Bàbá Makaníìkì, tó wà lẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, fi ètè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ìwọ? Olùgbọ́?" Ìyá Mogbọ́ fi ìka kan dá a lóhùn, mi ò ní túmọ̀ rẹ̀.

Ìrònú rẹ̀ ò sì wọ́. Ta ló máa gba adití síṣẹ́ pé kó wá máa gbọ́ ẹyẹ? Bí ọmọ rẹ̀ bá ti gbọ́ pé ọkùnrin kan wá láti ìlú, ó wo gbogbo abúlé, etí tirẹ̀ ló sì mú, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí nọ́ọ̀sì pé wọ́n ti gba òun síṣẹ́, Olùgbọ́ sì lòun. Èsì tó dé ni pé òun ti gbọ́, òun kí i kú oríire, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí iṣẹ́ náà, òun á sì jókòó tì í.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyí. Ẹyẹ ní ẹnu. Ohunkóhun tó bá sì ti ní ẹnu, ahunṣọ lè kà á. Láràárọ̀, yóò gbé àga rẹ̀ sáàárín gbọ̀ngàn, yóò nu awò ojú rẹ̀, yóò sì gbójú sókè. Bó bá rí i tí ẹnu ń ṣí tó ń pa dé, tí ọ̀fun sì ń gbọ̀n, yóò sọ fún oníṣẹ́-ọnà pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà, tó fi ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sétí, á ní, "Ìyá, ẹ tọ̀nà." Ó tọ̀nà lójoojúmọ́. Ó tiẹ̀ ń sọ fún un pé àwọn tọkọtaya tó wà lókè fèrèsé yẹn ń jà, torí ọkọ ò tètè délé. Òun náà wò wọ́n, ó rí i pé ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ni wàhálà wà. Bọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí oníṣẹ́-ọnà dúró di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò tó fẹ́ pè láti ìlú ò lè débẹ̀ ṣáájú ọ̀sán. Ó ní kí ìyá bá òun ṣọ́ ọ̀sán dáadáa. Ìyá ṣọ́ ọ. Oòrùn ti lu páànù òrùlé títí ó fi gbóná bí irin aṣọ lílọ̀, ó sì rí ohun tí kò rí láàárọ̀: gbogbo ẹyẹ tó wà lórí irin àjà la ẹnu, àwọn ọmọ wọn nínú ìtẹ́ la ẹnu, kò sì sí ọ̀kan tó pa á dé. Àyà wọn ń lọ sókè sódò. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bí ẹnu bá là tó bẹ́ẹ̀, tí àyà sì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni náà ń fi gbogbo agbára pariwo ni.

"Tàárọ̀ yẹn, wọ́n kàn ń dán ohùn wò ni," ló sọ fún oníṣẹ́-ọnà. "Bó bá di ọ̀sán, gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sinmi níbẹ̀."

Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà kún fún omijé. Ó mú ọ̀sán kan, láàárín ìgbà tí ooru mú jù, ní wákàtí tí oòrùn máa ń wà lókè orí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti sin adìyẹ rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Adìyẹ máa ń lanu bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, kì í ṣe pé ó ń kọrin. Àwọn ará abúlé wa náà ń sin adìyẹ, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́ láti máa gbọ́ adìyẹ.

Ọjọ́ náà kò. Àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí oníṣẹ́-ọnà háyà fún wọn, èyí tí yóò gbé wọn padà nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú bàtà tí kò mọ̀ pé iyanrìn wà láyé. Ọ̀gá kan wà láàárín wọn, ó wọ táì, ìjọba ló rán an wá láti wá gbádùn. Nọ́ọ̀sì náà dé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àga tí wọ́n gbé sí ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà rí. Kí ìró ìta má baà wọlé, oníṣẹ́-ọnà ti fi pákó dí àwọn fèrèsé tó fọ́, ó fi aṣọ ìnura dí ihò, ó sì ti ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n ń gbà kó ẹrù láyé àtijọ́. Ó dúró síwájú, ó bẹ gbogbo èèyàn kí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n sì gbọ́.

Wọ́n dákẹ́. Àwọn ahunṣọ gbójú sókè. Gbogbo ẹnu tó wà lókè ló là gbàgà. Àwọn ahunṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Obìnrin kan fi aṣọ ìnura nu ojú. Bàbá Makaníìkì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí orin wọ̀ lára, ó sì ń fi ọwọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní òdìkejì bóyá ó rí bàtà obìnrin aláwọ̀ ewé yẹn. Tọ̀hún fi ọwọ́ dáhùn pé òun rí i, Ọlọ́run ló máa gbé e padà dé bọ́ọ̀sì. Àwọn àlejò rí ọwọ́ wọn tó ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n gbà pé ara iṣẹ́ ọnà ni.

Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Páànù nìkan ló ń ró lókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ nítorí orin kò ní fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ pé òun ò gbọ́ ọ. Wọ́n wo ojú àwọn ahunṣọ, wọ́n rí adùn níbẹ̀, wọ́n di ojú tiwọn náà, wọ́n sì ń mi orí. Oníṣẹ́-ọnà wo àrọ rẹ̀, ó wo òkè, ó tún wo àrọ. Òógùn bò ó.

Nọ́ọ̀sì ló jókòó láìmi orí. Etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan gbọ́. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó rí i tí ayọ̀ kún ibẹ̀. Ó ti mọ̀. Ohun tó wá wò nìyẹn, ó sì rí i, kò sì dùn mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan orúnkún ìyá rẹ̀. Ìyá yíjú sí i. Nọ́ọ̀sì wá sọ̀rọ̀ láìlo ohùn, bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé nígbà tó wà lọ́mọdé, tí ìyá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí kò tíì rántí pé ohùn wà.

"Màmá, kí lẹ ń gbọ́?"

"Orin ni. Ìwọ ò gbọ́ ni?"

"Kò sí orin, Màmá. Ooru ló mú wọn. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ ni."

Ìyá Mogbọ́ tún gbójú sókè, ó sì wò wọ́n bí ẹni tó ń wò wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ẹyẹ ti gbé orí kọ́ etí ìtẹ́. Ìyẹ́ wọn já sílẹ̀. Ó wo àwọn àlejò. Ọ̀gá tó wọ táì ń fi ẹnu sétí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé gbogbo gbọ̀ngàn lè ka ètè rẹ̀: "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ ńkọ́?" Obìnrin náà ní, "Ẹ sáà máa mi orí."

Ẹ rò ó wò pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, àwọn àlejò á yìn ín, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ rẹ̀, "mo gbọ́" kan péré ló sì kù tó máa sọ fún ọmọ náà, èyí tó ti ń sọ láti ọdún yìí wá bí ẹni ń mí. Bó bá sọ̀rọ̀, lójú gbogbo èèyàn ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà ní títì, fèrèsé wà ní dídí, òun ló sì ní kí wọ́n wá lọ́sàn-án.

Ó dìde. Ohùn ahunṣọ ni wọ́n dá láti fi borí ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ò sí mọ́, ohun tó kù pọ̀ ju gbọ̀ngàn lọ.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn náà. Wọ́n rí i ni.

"Èmi náà ò gbọ́," ni ọ̀gá tó wọ táì sọ kíá, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Àwọn àlejò yòókù náà wá rántí pé àwọn ò gbọ́. Bàbá Makaníìkì fi ọwọ́ béèrè pé kí wá ni gbogbo wọn ń mi orí sí látàárọ̀.

Ilẹ̀kùn ńlá náà ti dógùn-ún. Bàbá Makaníìkì wá epo, àwọn obìnrin fi èjìká tì í, ọ̀gá náà bọ́ táì rẹ̀, ó bá wọn tì í, ó sì ṣí. Afẹ́fẹ́ wọlé. Gbogbo alápàńdẹ̀dẹ̀ tó wà lórí irin àjà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba orí àwọn àlejò kọjá, àwọn àlejò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ahunṣọ ò bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yára ju ìyẹn lọ ti gba orí wọn kọjá rí nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura sórí koríko níbi òjìji ògiri, tàlejò tonílé jókòó. Oníṣẹ́-ọnà wá jókòó síwájú Ìyá Mogbọ́, ó bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún òun. Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ọmọ mi ni mò ń sá fún," ni ìyá wí. "Ìwọ lo kàn wà lójú ọ̀nà."

Ó rò ó díẹ̀, ó ní ó yé òun. Bí ara ti tu àwọn ẹyẹ, tí oòrùn sì ti rẹlẹ̀, wọ́n padà sínú gbọ̀ngàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó létí gbọ́ ọ. Ọ̀gá yẹn gbàgbé táì rẹ̀ sórí koríko nítorí rẹ̀, wọ́n sì ṣì ń fi í so ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ títí dòní.

Ṣùgbọ́n àdéhùn ṣì wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ní ṣé ó rántí ohun tí wọ́n jọ sọ. Ìyá Mogbọ́ fẹ́ dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn, ó gbé e mì. Ó ní òun rántí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ìnura tó jókòó lé, ó ká a ní mẹ́rin, ó tún un ká.

Lábúlé wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níbi tí ojú ti lè rí i, ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ni. Gbogbo àwọn tó wà lórí koríko ló ti kà á. Bàbá Makaníìkì dìde láti òdìkejì, ó bi nọ́ọ̀sì pé níbo ló ń gbé obìnrin náà lọ. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé. Ó ní bí ìkòkò bá tún jó ńkọ́, ta ló máa sọ fún un?

"Imú wa ò tíì dití," ni bàbá náà wí.

Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́? Bàbá bi í pé ta ló fà á láṣọ níjelòó. Ó ní òun tiẹ̀ fa aṣọ náà ya, òun sì ti tọrọ àforíjì. Bó bá wá ṣàìsàn, tí kò lè dìde, tí kò sì gbọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn?

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?" Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. "Bí aṣọ ìnura rẹ̀ ò bá sí lójú fèrèsé láàárọ̀, mo ti wà nínú ilé kó tó ronú àtipe ẹnikẹ́ni. Nílé tìẹ, ojú fèrèsé ta ni wọ́n á máa wò?"

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògiri yẹn ni nọ́ọ̀sì ń wò lọ́kàn rẹ̀, tàbí ìdí ìfọbọ́. Nígbà tó di àkókò tí bọ́ọ̀sì fẹ́ gbéra, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ó sì fi ètè sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀:

"Yàrá yẹn ṣì wà níbẹ̀, Màmá. N ò ní gbé yín síbẹ̀. Ẹ máa wá kí wa."

"Ajá yẹn ńkọ́?"

"A ó máa wẹ ajá fúnra wa."

Iṣẹ́ ọnà náà ṣì wà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣí i báyìí, ilẹ̀kùn ńlá sì máa ń wà ní ṣíṣí. Oníṣẹ́-ọnà yí nǹkan kan padà: àlejò tó bá jókòó ti ahunṣọ gbọ́dọ̀ fi ètè sọ ohun tó ń gbọ́ fún un, láìlo ohùn. Ó nira fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí pé kí ni ẹyẹ sọ. Wọ́n á la ẹnu, wọ́n á pa á dé, wọ́n á sì máa wo òkè bí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Ìyá Mogbọ́, tó ṣì wà nípò Olùgbọ́, máa ń ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ lójú òun. Èyí tí kò bá bá ohun tó rí lẹ́nu ẹyẹ mu, ó máa ń dá a padà.

Wọn ò yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì wá kí i láìsọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rí i tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n rí i tó dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, tó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, tó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó fa aṣọ ìnura kan yọ nínú rẹ̀, ó lọ dúró síwájú fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sókè sódò. Kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó ń jù ú bí ẹni tó ń gbọn eruku ibùsùn. Bàbá Makaníìkì, láti ojú fèrèsé tirẹ̀, ń fi ọwọ́ kọ́ ọ pé kó gbé e sókè díẹ̀ sí i.

Nínú ilé, Ìyá Mogbọ́ ń ro nǹkan kan lórí iná. Ó rí i tí funfun kan ń kọjá lára ògiri. Kò yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó kọ́kọ́ sọ iná kalẹ̀.

"Mo gbọ́," ló wí.